Eegun Gíláàsì Nínú Omi Àdúrà

Ẹranko ni kànrìnkàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èyí tí à ń fi wẹ̀ ni mò ń wí o. Ara igi ni wọ́n ti ń bó ìyẹn. Èyí tí mò ń wí, ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lójú, kò lẹ́jẹ̀, kò lọ́kàn, kò sì lọ́pọlọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi nílé wa ní Akobo, wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní, "Ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní ìwé kíkà?" Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi ná, Mà."

Ẹ jẹ́ kí n parí i fún ẹ̀yin náà, torí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì kúrò lára mi. Àwọn kànrìnkàn òkun tó wọ́pọ̀, ihò ló kún ara wọn. Omi á gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé, wọ́n á sẹ́ ohun jíjẹ inú rẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì, omi á sì gba ihò ńlá jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ibú pátápátá, níbi tí oòrùn kò dé rí, tí omi tutù bí inú fíríìjì, ohun jíjẹ kò pọ̀ nínú omi. Ẹni tó bá dúró sẹ́ omi níbẹ̀, ebi ni yóò pa á. Ni irú kan lára wọn bá di gbogbo ihò rẹ̀ pa, ó ju asẹ́ nù, ó di ọdẹ. Ọdẹ tí kò lẹ́sẹ̀ láti fi lé ẹran, tí kò lẹ́nu láti fi jẹ ẹ́! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé, mo dìde, mo ń rìn yí yàrá ká bí ẹni tí nǹkan sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Orí ọdẹ yìí ni iṣẹ́ ìwé mi dá lé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ náà ní yunifásítì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan lókè òkun, lára àwọn tó máa ń fi okùn sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi wọ inú ibú lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo. Inú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò ló wà, ọtí líle tí wọ́n fi ń tọ́jú nǹkan kó má baà jẹrà ló bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Kò sí òmíràn. Bí ohunkóhun bá ṣe é lọ́wọ́ rẹ, màá gba iṣẹ́ yìí, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Mo mọ ẹlòmíràn náà. Ọkùnrin kan tó ń jókòó níwájú mi nínú yàrá ìwádìí wa ni, tó máa ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé, "Ẹ̀gbọ́n, kànrìnkàn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi wẹ̀?" Kí ìyẹn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sàn kí n lọ kọ́ irun dídì.

Nǹkan náà kò gùn ju ìka àárín mi lọ. Gbòǹgbò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó fi ń di ẹrẹ̀ mú, ọ̀pá tín-ín-rín kan nàró sókè, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì yọ yí ọ̀pá náà ká, bí igi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gba gbogbo ewé lórí rẹ̀. Lójú lásán kò jọ nǹkan kan. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gíláàsì ni eegun rẹ̀. Mo ní gíláàsì! Inú ọ̀pá tín-ín-rín yẹn, abẹ́rẹ́ gíláàsì gígùn ló dì pọ̀ bí ìgbálẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì lọ́ díẹ̀ kó lè dúró gírí. Abẹ́rẹ́ kéékèèké mìíràn wá ti ibẹ̀ yà wọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀ ló kún awọ rẹ̀, ìwọ̀ gíláàsì tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, eyín orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìdákọ̀ró ọkọ̀. Láyé tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ṣe gíláàsì, iná ńlá ló máa dá. Ẹ̀dá yìí ò dáná. Irú ohun tó wà nínú yanrìn, tó ti yòrò sínú omi òkun, ló ń fà mọ́ra, tó fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ nínú òtútù, nínú òkùnkùn biribiri. Títí di òní, bí mo bá rò ó, orí mi máa ń wú.

Edé wẹ́wẹ́ tó bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀, tí irun ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fi kan ìwọ̀ yẹn pẹ́nrẹ́n, ó parí fún un. Bó ṣe ń jà ni yóò máa há sí i. Ẹran ara kànrìnkàn náà fúnra rẹ̀ á wá rọra máa wọ́ bọ̀, díẹ̀díẹ̀, á bo edé náà mọ́lẹ̀, á di ikùn yí i ká. Tó bá jẹ ẹ́ tán, ikùn náà á tú ká, oníkálukú á padà sáyè rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ikùn tí wọ́n ń pè jọ nígbà tí oúnjẹ bá dé! Ṣùgbọ́n ti irú èyí tó wà nínú ìgò mi, ẹnikẹ́ni kò tíì rí oúnjẹ lára rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n wá nìyẹn. Bí mo bá lè rí edé kan péré tí ìwọ̀ rẹ̀ mú dání, iṣẹ́ mi ti dúró. Àmọ́ ẹran ara rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀, ó funfun, ó ki. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí, mi ò rí nǹkan kan.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn olùkọ́ fi daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ti láàbù ìwádìí wa pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ̀ǹda kí n gbé ìgò náà lọ sílé, pẹ̀lú maikirosikóòpù àtijọ́ kan, ìyẹn awò tó ń sọ ohun tí ojú kò rí di ńlá. Mo gbé wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi. Inú màmá mi dùn pé wọ́n rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni wọ́n ṣe ní Sẹkitéríàtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n gbájú mọ́ báyìí, wọ́n ti di ìyá nínú ìjọ. Màmá mi kì í le, àfi lórí ohun kan ṣoṣo: ọtí kò gbọdọ̀ wọ ilé wọn. Àbúrò bàbá mi kan gbé ìgò ọtí wá kí wa ní ọdún Kérésì kan, ẹnu géètì ló ti mu ún tán kó tó wọlé. Èmi ò wá ka ti inú ìgò mi sí ọtí. Ohun èlò iṣẹ́ ni lójú tèmi, kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ fún wọn.

Ní àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Challenge ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Màmá mi ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wẹ ọmọ, mo wá lọ gbà wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lè sinmi nílé. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé àwọn alàgbà ìjọ ń bọ̀ wá gbàdúrà sínú ilé, pé àwọn ti bá mi tún yàrá mi ṣe. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà." Mi ò bèèrè nǹkan kan.

Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, òórùn tùràrí ṣì wà nínú ilé. Mo wọ yàrá, mo rí ìgò mi lórí tábìlì. Wọ́n ti nù ún, ara rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dàrú bí omi ògì. Àwọn ẹ̀ka ti já, ọ̀pá ti fẹ̀gbẹ́ ti ara ìgò, ẹran ara funfun yẹn ti bọ́, ó rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n pò mómi. Mo ṣí ìdérí, òórùn ẹja tó ti kú ló kí mi káàbọ̀.

"Mà!" Ohùn mi ò jọ tèmi mọ́. "Mà, kí ló wà nínú ìgò yìí?"

"Omi àdúrà ni," wọ́n dáhùn láti pálọ̀. Wọ́n wọlé tọ̀ mí wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní kí n nu ìdérí rẹ̀, àfi bí òórùn ọtí ṣe kọlù mí. Háà! Nínú ilé tí àwọn alàgbà fẹ́ wọ̀! Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé ò ń mu ún, ọmọ mi. Mo ní àwọn ilé ìwé yín ló fi ọtí pa nǹkan ọ̀gbìn yìí lára báyìí. Mo da ọtí náà sẹ́yìnkùlé, mo bu omi tó dáa sí i. Àwọn alàgbà tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ á gúnlẹ̀ sí èbúté ògo."

Ẹ wò ó, omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Bẹ́ẹ̀ mi ò lè jágbe mọ́ ìyá mi, ẹnu mi ò gbà á. Mo lọ sí kíṣìnì, mo fọ ìkòkò tí kò dọ̀tí, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Wọ́n tẹ̀ lé mi débẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹranko òkun tí mo sọ fún yín nìyẹn, Mà. Òkú ni. Ọtí yẹn ni kò jẹ́ kó jẹrà."

Màmá mi jókòó sórí àpótí kíṣìnì. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá a lè rí òmíràn rà. Mo ní kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á. Mo sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún mi, pé wọn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Mo ní ohun tí mo máa sọ fún wọn ni pé ìgò náà fọ́ nínú takisí míkírà nígbà tí mò ń gbé e bọ̀ láti yunifásítì.

"Fọ́ bí? Ìgò tó wà lórí tábìlì yẹn?" Wọ́n dìde. "O ò ní torí mi parọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, èmi náà ni màá lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Mo ti lọ ná."

Mo sáré ra ọtí líle ní ilé oògùn kan nítòsí láti fi gba èyí tó kù là. Kí n tó rọ ọ́ sí i, mo fa díẹ̀ lára ohun tó rọ̀ sísàlẹ̀ yẹn, mo kán an sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, mo tì í sábẹ́ maikirosikóòpù, torí kí n lè mọ bí àdánù mi ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, gbogbo ibẹ̀ ń kọ yẹ̀rì. Ẹran ara tó ń dí mi lójú láti ọjọ́ yìí ti yòrò. Abẹ́rẹ́ lọ́tùn-ún, abẹ́rẹ́ lósì, ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ṣóńṣó, kò sí ìkankan tó wọ́. Àárín wọn ni ìwọ̀ wà, lọ jàra, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀, eyín ńlá lókè, eyín kékeré nísàlẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Ìbínú wà nínú mi, ìyanu náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń du àyè. Mo jókòó ti nǹkan náà títí ìmọ́lẹ̀ fi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi wọ sùtánà wọn funfun. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń dúró níwájú Ọlọ́run ni àwọn máa ṣe dúró níwájú ẹni tí àwọn ṣẹ̀. Ilé Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bodija la lọ, torí pé yunifásítì ṣì wà ní títì. Èmi gbé maikirosikóòpù, ìgò náà wà nínú àpò mi. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní ká jókòó, màmá mi ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Èmi ni mo da ọtí yín nù. Ọmọ yìí kò mọ̀ sí i."

Ẹ mọ ilé Yorùbá. Màmá mi lè bí Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe rí irun funfun àgbàlagbà nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n da ara wọn dálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà. "Ẹ dìde, Mà! Ẹ má pa mí! Ẹ dìde!" Màmá mi ní àwọn ò dìde àfi tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn náà ò dìde àfi tí màmá bá dìde. Èmi nìkan ni mo wà lóòró, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Mo yára kúnlẹ̀. Kò wá sẹ́ni tó dúró mọ́ nínú pálọ̀ yẹn.

Ìgbà tí wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tí kálukú ti jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n gba ìgò náà, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú wọn yí padà. Wọn ò bínú síta, torí màmá mi. Èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n rọra ní, "Ìwọ náà mọ ohun tí mo sọ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "Fi ohun tó kù hàn mí kí n mọ ohun tí màá sọ fún ọ̀rẹ́ mi."

Mo gbé maikirosikóòpù sórí tábìlì wọn, mo kán òmíràn sórí gíláàsì. Omi ti kún ojú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mò ń yí i lọ, mò ń yí i bọ̀: abẹ́rẹ́, ìwọ̀, abẹ́rẹ́. Nǹkan kan tí kì í ṣe gíláàsì wá kọjá. Ó pọ́n díẹ̀, ó ní oríkèé. Mo nu ojú mi, mo dá a padà. Ẹsẹ̀ edé ni. Ẹsẹ̀ edé wẹ́wẹ́ tí irun wà lára rẹ̀ lọ rẹrẹ, ìwọ̀ gíláàsì sì rọ̀ mọ́ irun náà, kan níbí, kan lọ́hùn-ún, ọ̀wọ́ kan nísàlẹ̀, wọ́n dì í mú gbọin-gbọin. Ẹran ara tó fẹ́ jẹ ẹ́ ti jẹrà lọ. Eegun ò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Sà," mo ní, "ẹ wá wò ó."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Wọn ò gbórí sókè. Mo gbọ́ tí wọ́n ń mí. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ni wọ́n bá sọ ọ́, màmá mi ni. "Mà, ẹ wá. Ẹ wá wo nǹkan tí kò sẹ́ni tó rí i rí."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní irun ojú àwọn nìkan ni àwọn ń rí. Mo bá wọn yí i díẹ̀. "Háà," wọ́n ní. Ó tún ṣe díẹ̀. "Háà! Ta ló gbẹ́ nǹkan wọ̀nyí?"

"Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, Mà. Eegun ara rẹ̀ ni."

"Nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ òkun tó o wí yẹn?"

"Nínú òkùnkùn, Mà."

"Tí kò lójú?"

"Kò lójú."

"Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ dọ́gba?"

Mo wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wò mí, wọ́n mi orí. Mo ní, "A ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa, Mà." Màmá mi ò fi ojú wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí Ọlọ́run, kì í ṣe àdúrà, ó dà bí ẹni tó ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìbéèrè. Mo ti ń ka ìwé nípa nǹkan yìí láti ọjọ́ yìí, èmi gan-an ò tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sọ òótọ́ fún mi. Wọ́n ní ti ẹran ara rẹ̀ ti bàjẹ́, kò ní àtúnṣe, àti pé mo gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe bàjẹ́ gan-an, láìbo nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ edé yẹn, èmi ni mo rí i, èmi ni màá kọ ọ́. Iṣẹ́ náà ṣì jẹ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ìgò pẹ́pẹ́pẹ́ kan jáde. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, nínú ọtí. Wọ́n ní àwọn ti gé e pamọ́ kí àwọn tó gbé èyí tó kù lé mi lọ́wọ́. "Mi ò gbọ́kàn lé akẹ́kọ̀ọ́ kankan," wọ́n ní, "má bínú. Èyí lo máa fi ṣe ti ẹran ara. Tí ìyẹn náà bá lọ, ó ti lọ nìyẹn."

Mo na ọwọ́, màmá mi sì gba iwájú mi kọjá. "Ẹ gbé e fún mi, sà." Èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n jọ wojú ara wa. Màmá mi ò sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra gbé e lé ọwọ́ méjèèjì tí wọ́n tẹ́.

A wọ míkírà níbẹ̀, èmi àti màmá mi lẹ́yìn. Ìgò náà wà lórí itan wọn, lórí sùtánà funfun, ọwọ́ wọn yí i ká. Ìdérí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé dáadáa, kò sì pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo inú ọkọ̀. Ní Bashorun, obìnrin kan láti inú ìjọ wọn wọlé, ó fún ara rẹ̀ mọ́ màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kí wọn tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀. Ó fínmú, ó wo sùtánà, ó wo ìgò.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "kí lẹ gbé dání yìí?"

Mo ti ń wá irọ́ tí màá pa. Màmá mi ò wá a. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo obìnrin náà tààrà.

"Ọtí ni," wọ́n ní. "Ọtí iṣẹ́ ọmọ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sún sí ọ̀hún díẹ̀, kó má baà dànù."